Ta Ló Ni Ògiri Tó Wó?

"Ìyá Sàká, ilé rẹ ni o. Má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn."

Báyìí ni Bàbá Àjàlá wí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn iwájú ilé náà fún wa ní Adabraka ní Accra, tí a dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí à ń wo ojú sánmà.

Ojú sánmà ni mo wí. Yàrá ọ̀tún wà níbẹ̀, yàrá òsì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn méjèèjì ti di òkìtì amọ̀. Ògiri ẹ̀yìn ti nà gbalaja sílẹ̀, pánù òrùlé sì tẹ̀ lé e lórí bí apá ẹyẹ tó ṣẹ́. Òjò ọjọ́ Àìkú, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìyálẹ̀ta tí kò dá títí ilẹ̀ fi ṣú, ti fọ gbogbo rẹ̀. Amọ̀ ń dán. Omi ṣì ń kán láti ara igi òrùlé, tó, tó, tó.

Ràṣídátù tí à ń pè ní Ìyá Sàká kò sunkún. Ì bá sunkún, ì bá sàn fún mi. Àtàǹpàkò ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló fi í tẹ ìwé ilé yìí níwájú lọ́yà, tàdáwà kò sì tíì bọ́ tán nínú ìlà ìka náà.

Aláṣọ ni, èmi ọlọ́ṣẹ. Ìsọ̀ wa fara kanra. Opó ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi gbé yàrá kan ṣoṣo, tó ń tà, tó ń fowó pamọ́, kí òun náà lè ní ilé tí òun yóò kú sí ní Accra. Ó ti sọ fún onílé rẹ̀ pé òun yóò kó jáde lópin oṣù, onílé sì ti rí ẹlòmíràn tí yóò kó wọlé. Bí ilé yìí kò bá sí, títì ló kù.

Bàbá Àjàlá náà kì í ṣe àjèjì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni. Alhaji Àdìgún tó kọ́ ilé yìí ti padà sí Ṣakí, ó di ọdún méjì. Bàbá Àjàlá ló ń bá a mójú tó o, òun náà ló ń bá a tà á. Àwa tí a kò mọ̀wé, òun ló ń bá wa kọ lẹ́tà sílé, èyí tó bá ti ilé dé, òun ló ń kà á sí wa létí. Ẹkún wa àti ẹ̀rín wa, ẹnu rẹ̀ ló gbà kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà a lọ bá lọ́yà. Ọmọ Gà ni, àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó sì fi Twi bá wa sọ ọ́ kí ó lè yé wa.

"Ìyá, láti ìgbà tí ẹ ti tẹ̀ka, ohun tó bá ṣe ilé yẹn, ẹ̀yin ló ṣe. Kọ́kọ́rọ́ kò dé ọwọ́ yín o, ẹ kò tíì san tán o, ẹ̀yin náà ni. Ẹ máa san ìyókù. Tó bá jẹ́ pé kí ẹ tó tẹ̀ka ni ògiri wó, ọ̀ràn Alhaji tó ń tà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n àná ló wó. Inṣọ́ránsì ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí mo bá gba kọ́kọ́rọ́ ni mo fẹ́ gbà á."

Lọ́yà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu ún, kò sì wo ojú Ràṣídátù mọ́. "Ọjọ́ ìtẹ̀ka ni wọ́n ń gbà á, Ìyá. Ọjọ́ ìtẹ̀ka gan-an ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Ẹnu tèmi kì í gbófo. Bí inú mi dùn, orin. Bí inú mi bàjẹ́, orin náà ni. Bí a ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó kàn yọ sí mi lẹ́nu:

*Òjò ń rọ̀, òjò ò béèrè onílé,*
*Ó rọ̀ sórí ẹni tó kọ́ ọ,*
*Ó rọ̀ sórí ẹni tó rà á,*
*Orí ẹni tó tẹ̀ka ló balẹ̀ sí.*

"Dákẹ́," ni Ràṣídátù wí. Mo dákẹ́.

Nígbà tí a padà dé ibi òkìtì náà, Bàbá Àjàlá na ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé. "Ẹ wo gọ́tà Abena. Omi àgbàlá rẹ̀ ló ń gbá ẹsẹ̀ ògiri yìí. Èmi kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi o."

Abena ni obìnrin tó ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ líle àwọn ará ibẹ̀, tó ń gbé lẹ́yìn ilé náà. Kí n tó ṣẹ́jú, Ràṣídátù ti dé àgbàlá rẹ̀, ó ti di ìró rẹ̀ mú. "Ìwọ lo wó ilé mi! Ìwọ!" Kẹ́ńkẹ́ dànù, ìkòkò fọ́. Ọlọ́pàá dé. Abena bú ọlọ́pàá náà ní kwasíà, ìyẹn òmùgọ̀. Bí wọ́n ṣe mú un lọ nìyẹn.

Ìyá ọmọ mẹ́rin ni. Àwọn ọmọ náà tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ẹ̀yìn ìyá wọn títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀.

*

Mo ní àbúrò ọkọ kan. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ irú wọn, nítorí náà Adúmáadán ni mo sọ ọ́, torí pé ó dúdú, ó ń dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi epo pa. Sájẹ́ńtì Àrówólò ni àwọn ará ìta ń pè é. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Accra ni wọ́n bí i sí. Bó bá fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Twi ni yóò fi parí rẹ̀. Ẹ̀pà sísun kì í tán lápò rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá yòókù a máa béèrè pé, "Ta ni?" Tirẹ̀ yàtọ̀. "Ìgbà wo?" ni tirẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ gbà mí. Ọ̀rẹ́ mi ń kú lọ lórí ìjókòó. Obìnrin kan sì wà ní àtìmọ́lé yín tí ara mi kò gbà pé ó jẹ̀bi."

Ó ń bó ẹ̀pà. "Ìyàwó, o fẹ́ràn Abena ni?"

"Èmi kẹ̀! Ó bú ìyá mi lóṣù tó kọjá."

"Yòó, ó dáa. Ẹni tí kò fẹ́ràn èèyàn tó sì ń gbèjà rẹ̀, ó yẹ ká gbọ́ tirẹ̀. Dìde."

Wọ́n mú Abena jáde sí wa. Ojú rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò wú rárá.

"Gọ́tà mi!" ló ké, Twi ló ń sọ, gbogbo wa sì gbọ́ ọ. "Láti ìgbà tí òyìnbó ti ń ṣe gọ́mìnà ni gọ́tà mi ti wà níbẹ̀. Ògiri yẹn kò wó lójú òyìnbó. Òmìnira pé ọdún mẹ́rin tán ló wá rántí gọ́tà mi?"

"Ìgbà wo lo rí ògiri náà kẹ́yìn?" ni Adúmáadán béèrè.

"Ta ló fẹ́ rí i? Ọkùnrin yín yẹn, Anago onífìlà gogoro, ó ti fi pánù àtijọ́ ṣe ọgbà dí gbogbo ẹ̀yìn ilé. Ó ní obìnrin kan wà nínú ilé tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ, pé kò yẹ kí a máa yọjú sí i."

"Ìgbà wo ló ṣe ọgbà náà?"

"Oṣù karùn-ún, ọ̀sẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, kò pẹ́ sí i ni ẹ jẹ adìẹ mi."

"Ta ló jẹ adìẹ rẹ?"

"Ẹ̀yin Alata, ẹ̀yin Yorùbá yìí! Àgbébọ̀ pupa, mo so òwú búlúù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ọ̀tún kí ẹ má bàa rí àwáwí. Ẹ jẹ ẹ́ tòwútòwú!" Ó nawọ́ sí mi. "Ìwọ yìí, ọlọ́ṣẹ, mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀ adìẹ nílé rẹ!"

"Ẹja ni!" ni mo wí. Òótọ́ ni pé nítorí adìẹ yẹn ló fi bú ìyá mi, àtèmi àti gbogbo àdúgbò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo fi orin dá a lóhùn, àmọ́ orin yẹn kì í ṣe èyí tí à ń kọ sínú ìwé.

Adúmáadán kò rẹ́rìn-ín. Ó da ẹ̀pà padà sápò. "Obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀," ló wí. "Ìyàwó, ìwọ gbọ́ nípa rẹ̀ rí?"

"Mo gbọ́. Mo fi ọṣẹ ránṣẹ́ sí i pàápàá."

"Yòó. Jẹ́ ká lọ sí ilé inṣọ́ránsì."

*

Mo rò pé orí rẹ̀ dàrú. Inṣọ́ránsì tí a kò gbà, kí la fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Ṣùgbọ́n a yà gbé Ràṣídátù ní ìsọ̀, a lọ.

Ọláídé, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn èèyàn wa, ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé níbẹ̀. Bó ti rí Ràṣídátù ló dìde. "Màmá, mo gbọ́. Ẹ kú ìjàm̀bá. Mo sọ fún yín, Màmá."

"Kí lo sọ fún wọn?" ni Adúmáadán béèrè.

"Mo ní ọjọ́ tí wọ́n bá máa tẹ̀ka ni kí ìwé wa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí pé láti ọjọ́ yẹn ni ilé ti wà lọ́rùn wọn. Wọ́n gbà. A ti dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá fún ọkùnrin wa láti lọ wo ilé náà, ọjọ́ kejì rẹ̀ la máa kọ ìwé, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ka."

"Wo ilé náà báwo?"

"Ó máa ń wọ gbogbo yàrá, sà. Á fọwọ́ kan ògiri, á yí ẹ̀yìn ká, á wo òrùlé. A kì í gba ilé tí a kò rí."

"Ìgbà wo ni Màmá yí ọkàn padà?"

"Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọkùnrin wa ì bá lọ. Wọ́n ní ó dìgbà tí àwọn bá gba kọ́kọ́rọ́ tí àlùfáà sì ti ṣàdúà síbẹ̀."

Adúmáadán fà àga sún mọ́ Ràṣídátù. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ìyá Sàká, láàárín ìgbà tí ẹ fi gbà fún Ọláídé sí ọjọ́ Ajé yẹn, ta lẹ bá sọ ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì?"

"N kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́." Ó ń fi ìka ka èèyàn. "Àfi Bàbá Àjàlá, ní ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú Ajé náà. Ẹni tiwa kúkú ni."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní a kì í sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó bí i. Pé ẹni tó bá gba ìwé àjálù sórí ilé tí kò tíì wọ̀, àjálù ló ń ránṣẹ́ pè." Ràṣídátù gbé gèlè rẹ̀ kúrò lórí, ó fi nu ojú. "Sájẹ́ńtì, mo bí ọmọ méjì ṣáájú Sàká. Kò sí èyí tó dé ọjọ́ kẹjọ nínú wọn. Fún èkejì, mo ti ń fi orúkọ pè é lábẹ́lẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Bàbá Àjàlá mọ̀. Òun ló bá mi kọ lẹ́tà rẹ̀ sílé."

Ọláídé kọjú sí ògiri. Èmi ń wá orin, n kò rí.

"Ìgbà wo lẹ wọ yàrá ẹ̀yìn yẹn kẹ́yìn?"

"Oṣù kẹrin. Ó dúró sán-ún nígbà náà. Lóṣù karùn-ún mo fẹ́ tún un wò kí n tó tẹ̀ka, Bàbá Àjàlá ní opó kan ti wà níbẹ̀, ìbátan Alhaji, tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, pé kí n má lọ máa wọn ilé mọ́ ọn lórí. Nígbà tí ọkọ tèmi kú, Sájẹ́ńtì, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ti wá ń wo yàrá mi. Ṣé èmi ló yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíràn? Ilẹ̀kùn wà ní títì, Bàbá Àjàlá ní òun ti kan fèrèsé níṣòó; mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo kí i pé ó kú ìrọ́jú, mo ṣàdúà fún un. Kò dáhùn. Mo ní ẹkún ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń fi ìrẹsì àti ọṣẹ rán Bàbá Àjàlá sí i."

Adúmáadán dìde dúró. "Ìyá Sàká. Ọjọ́ Àìkú tí ògiri wó lulẹ̀, opó yẹn dà?"

Ràṣídátù dìde, àga rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn.

"Yéè!" ni Ràṣídátù ké. "Ó wà lábẹ́ ògiri! Èèyàn ti kú sínú ilé mi!"

*

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin gbé ṣọ́bìrì dé. Ojú ọjọ́ wúwo, kùrukùru rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tútù tí wọ́n sá sórí okùn. Àwọn aládùúgbò pé jọ, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè. Adúmáadán ti ní kí wọ́n mú Abena wá pẹ̀lú. Ràṣídátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí òkú rẹ̀ ti dé.

Wọ́n fẹ́ fi ṣọ́bìrì kan amọ̀ ni Bàbá Àjàlá dé, ọ̀pá lọ́wọ́, fìlà lórí.

"Kí lẹ ń wá? Opó ti lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ti lọ."

"Lọ síbo, bàbá?" ni Adúmáadán béèrè.

"Kumasi. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀."

"Ìgbà wo ni ọkọ rẹ̀ kú?"

"Ó… lóṣù kẹrin."

"Níbí?"

"Níbí ni."

"Ẹ̀yin ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Kò sí ọmọ ìlú yín tó kú ní Accra tí ẹ kì í kó ẹgbẹ́ lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Ìyàwó, òkú ta lẹ sin lóṣù kẹrin?"

"A kò sin òkú kankan láti ìgbà ọyẹ́," ni mo wí.

Bàbá Àjàlá ṣí ẹnu. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ohun kan rìn lábẹ́ pánù tó tẹ̀ sórí òkìtì náà. Àwọn obìnrin sá sẹ́yìn. Ó tún rìn. Ràṣídátù ń ràpálá bọ̀, ó ń pè, "Opó! Opó, dá mi lóhùn!"

Adúmáadán nìkan ló gun òkìtì. Ó wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi ìka méjì gbé etí pánù náà sókè.

"Kúúú!" ni nǹkan náà wí.

Kì í ṣe òkú o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àgbébọ̀ pupa kan ni! Ó fẹ ìyẹ́, ó ranjú mọ́ wa bí olórí ọjà, òwú búlúù sì ń bẹ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

"Adìẹ mi!" ni Abena lọgun. "Ao! Adìẹ mi rèé!" Ó rántí, ó wò mí. "Ọlọ́ṣẹ, ẹja ni lóòótọ́."

Èmi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó wà láàárín ẹkún. Ṣùgbọ́n Adúmáadán na ọwọ́ sókè pé kí a dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìyẹ́ adìẹ náà sókè pẹ̀lẹ́. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ wọn kò tíì gbẹ. Èèpo ẹyin fọ́nká yí wọn ká, ẹyin méjì sì kù tí kò tíì pa.

"Ìyàwó, ọjọ́ mélòó ni adìẹ fi ń sàba?"

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ọmọdé mọ̀ ọ́n."

"Kó tó sàba ńkọ́?"

"Á kọ́kọ́ yé ẹyin tán. Ẹyin mọ́kànlá yìí, kò lè dín ní ọjọ́ mọ́kànlá."

"Òní Ọjọ́rú. Ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kí o tún ka ọjọ́ mọ́kànlá lé e. Níbo ló bọ́ sí?"

Mo fi ìka mi kà á, mo fi ti Abena kún un. "Oṣù karùn-ún. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́."

"Ìgbà wo ni Ìyá Sàká tẹ̀ka?"

"Ọjọ́bọ̀. Òní ló di ọjọ́ keje."

Adúmáadán kọjú sí Bàbá Àjàlá, kò gbé ohùn sókè. "Bàbá, òkìtì ògiri yìí ni adìẹ yé ẹyin lé lórí. Ó gbẹ́ amọ̀ rẹ̀ kòtò, ó sì sá sábẹ́ pánù tó wó. Ọjọ́ Àìkú kọ́ ni ògiri yìí wó. Nígbà tí ẹ fa ìka obìnrin yìí sórí ìwé, ògiri ti wà nílẹ̀, adìẹ ti wà lórí rẹ̀."

"Adìẹ lè kó ọmọ rẹ̀ wọlé lẹ́yìn òjò," ni Bàbá Àjàlá wí.

"Ọmọ lè rìn. Ṣé èèpo ẹyin náà rìn? Ẹyin méjì tí kò pa yìí, ta ló gbé e wá?"

"Ó ti wà nínú yàrá kí ògiri tó wó."

"Inú yàrá tí ẹ tì, tí ẹ kan fèrèsé rẹ̀ níṣòó? Ibo ló gbà wọlé? Ká tilẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀: abẹ́ ògiri là bá ti bá a, pẹlẹbẹ. Orí rẹ̀ la bá a."

Mo ń gbọ́ bí àwọn òròmọdìẹ ṣe ń ké, wín-ín wín-ín.

"Lánàá, ẹ̀rù opó bà mí bó ti bà yín," ni Adúmáadán tún wí, gbogbo wa ló ń sọ ọ́ fún báyìí. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì kò jẹ́ kí n sùn. Gbogbo ayé ń béèrè ẹni tó wó ògiri. Èmi ń béèrè ìdí tí ẹnì kan fi fẹ́ kí Ìyá Sàká pẹ́ kó tó gba ìwé yẹn. Kò sí ohun tó kan ẹni tó ń ta ilé nínú ìwé ẹni tó ń rà á. Àfi bí ẹ̀rù ọkùnrin tó máa wá fọwọ́ kan ògiri bá ń bà á. Ìyá Sàká fẹ́ wo yàrá, ẹ fi opó dí i lọ́nà. Ilé inṣọ́ránsì fẹ́ wo yàrá, ẹ fi ọjọ́ ìsọmọlórúkọ dí i lọ́nà. Abena lè yọjú, ẹ fi pánù dí i. Àṣà wa lẹ fi ṣe àgádágodo, bàbá. Adìẹ nìkan ni kò mọ àṣà."

Bàbá Àjàlá jókòó sórí òkìtì amọ̀ náà, gẹ́rẹ́.

"Alhaji fi owó ránṣẹ́ nígbà ọyẹ́," ló wí. "Ó ní kí n tún ìpìlẹ̀ ẹ̀yìn ṣe kí òjò tó dé. Mo ná an. Mo ní màá rí òmíràn fi dí i. Òjò kò dúró dè mí."

Ràṣídátù ti dìde. Ó dúró níwájú rẹ̀.

"Bàbá, nígbà tí mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí mò ń kí opó, ẹ dúró tì mí. Ẹ gbọ́ mi."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ ṣàmín."

Ó dorí kodò.

Èmi kò lè mú un mọ́ra. "Ọṣẹ mi ńkọ́? Ọṣẹ mẹ́ta!"

"Mo fi wẹ̀," ni Bàbá Àjàlá wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú un lọ, fìlà rẹ̀ sì kù sílẹ̀ lórí amọ̀. Bó ti ń lọ ni mo ń ronú pé, ta ni yóò wá kọ lẹ́tà ọ̀rọ̀ yìí sílé fún wa?

Abena kó adìẹ rẹ̀ sínú agbọ̀n, ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ẹyin méjì. Ràṣídátù kúnlẹ̀ fún un lójú gbogbo èèyàn nítorí ìkòkò àti nítorí àtìmọ́lé. Abena fà á dìde, ó ní òun náà jẹ àwọn Alata ní gbèsè èébú. Orin wá dé sí mi lẹ́nu wàyí:

*Àgbébọ̀ sọnù, wọ́n ní mo jẹ ẹ́,*
*Àgbébọ̀ ò sọnù, ó ń sàba;*
*Ó ka ọjọ́ tí akọ̀wé ò kà,*
*Ó kó ẹlẹ́rìí mẹ́sàn-án jáde.*

*

Lọ́yà fagi lé ìwé náà. Ohun tí Ràṣídátù ti san padà sọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ilé kò sí, yàrá àtijọ́ sì ti bọ́. Pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ mẹ́ta, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, a jọ ń sùn lórí ẹní kan, oṣù mẹ́wàá gbáko. Wọ́n da ilé Adabraka yẹn wó pátá. Ìpàdé ẹgbẹ́ wa kò kún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwa tó bá lọ, a kì í wo àga akọ̀wé.

Lọ́dún kejì ó rí ilé kékeré kan ní Kaneshie. Mo bá a lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Wọ́n fi tàdáwà kùn ún látàǹpàkò, ó gbé e sókè, kò tẹ̀ ẹ́. Lọ́yà dúró. Ẹni tó ń tà á ń mí hẹ̀ẹ̀. Tàdáwà ń gbẹ. Nígbà tó pẹ́ ni Ọláídé wọlé, òógùn bò ó, ó gbé ìwé kan síwájú rẹ̀. "Òní ló bẹ̀rẹ̀, Màmá. Ọkùnrin wa ti fọwọ́ kan gbogbo ògiri." Ràṣídátù ní kí wọ́n fi tàdáwà tuntun kun òun. Ó tẹ̀ka.

Lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́, ó fi èmi àti àlùfáà sílẹ̀ lójúde, ó wọlé lóun nìkan. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá dé yàrá, "Ẹ kú ilé o, ẹ kú ilé o." Ó kan yàrá ẹ̀yìn, mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní pípadé. Ó dúró níbẹ̀, ó kí bó ti kí opó ọjọ́ náà.

Kò dúró de ìdáhùn. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn náà, ó wọlé.